O ò rí Medicine lọ́dún yìí? Bó o ṣe máa lo ọdún kan nílé tí ò fi ní ṣòfò

Ọjọ́ tí mo rí i lórí CAPS (ojú òpó JAMB tá a ti ń wò ó bóyá yunifásítì ti gbà wá wọlé) pé Medicine ò bọ́ sí i, màmá mi ò bá mi wí rárá, ìrẹsì ni wọ́n bù síwájú mi, ẹran méjì, wọ́n ní kí n jẹun. Ìyẹn gan-an ló pa mí lẹ́kún. Ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá rí nǹkan tí mo máa bínú sí. JAMB mi lọ́dún yẹn 247, Post-UTME (ìdánwò tí yunifásítì fúnra ẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB) 68, gbogbo àdúgbò sì ti ń pè mí ní "dókítà" látìgbà tí mo wà ní JSS 2, tí mo bá fẹ́ lọ ra búrẹ́dì, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà kọjá kẹ́nikẹ́ni má bàa bi mí pé "ìgbà wo lẹ ń wọlé?"

Mo ti wọ Medicine, mo ti wà ní clinicals báyìí, níbi tá a ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn ní wọ́ọ̀dù. Àwọn àbúrò tó ń pè mí láti bi mí ní ọ̀rọ̀ kan náà ti pọ̀, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ síbì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Láti oṣù kẹwàá títí Kérésì fi dé lọ́dún tí mo jókòó sílé yẹn, mi ò lè sọ pé nǹkan báyìí ni mo ṣe. Mi ò ṣe fàájì o. Mo ń jí, mo ń gbálẹ̀, mo ń ṣí ìwé, mo ń ti fóònù bọ abẹ́ ìrọ̀rí, mo tún ń fà á yọ, ilẹ̀ á ṣú. Ìwé Chemistry tí mo ní mo máa kà tán kí ọdún tó parí, orí kẹta ni mo bá a dé. Àǹtí kan tó ní kẹ́míìsì lójú títì wa ló rí mi lọ́jọ́ kan ní aago mọ́kànlá, mo ṣì ń fọ eyín níta. Wọn ò wàásù fún mi. Wọ́n ní, "Lọ́la, aago mẹ́jọ, wá bá mi ṣí ṣọ́ọ̀bù." Ibẹ̀ lọdún mi ti yí padà, torí pé fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti ṣe tán ní SS 3, ẹnì kan wà tó máa mọ̀ tí mi ò bá jí.

1. Kọ́kọ́ mọ ibi tó ti já

Kó o tó gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, kó o tó ní ẹnì kan nílé bàbá ẹ ló dí ẹ lọ́nà, mú bíró, ká ṣe ìṣirò. (Mi ò ní kó o má gbàdúrà o, èmi náà gbà á. Ìṣirò ni mo ní kó ṣáájú.)

Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ro máàkì ẹ̀. Èyí tí UI ti ń lò ni pé wọ́n á pín JAMB ẹ sí ọ̀nà 8, wọ́n á pín Post-UTME ẹ sí ọ̀nà 2, wọ́n á wá rò wọ́n pọ̀. Tèmi: 247 tí wọ́n pín sí 8 jẹ́ 30.875, 68 tí wọ́n pín sí 2 jẹ́ 34, àpapọ̀ ẹ̀ 64.875. Fún Medicine ní UI, ìyẹn ò gbé mi dé ẹnu ọ̀nà. Wá wò ó dáadáa: máàkì 1 nínú Post-UTME wọn, máàkì 4 nínú JAMB ni. Ká ní mo fi 12 kún Post-UTME mi, 6 ló máa wọlé fún mi, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ rí 6 yẹn gbà lára JAMB, àfi kí n fi 48 kún un! Gbogbo ẹkún tí mò ń sun lórí JAMB, mi ò ronú kan Post-UTME rí.

OAU náà ń fún JAMB ní 50, Post-UTME gba 40, èsì WAEC tàbí NECO gba 10. Ní UNILAG, JAMB 50, Post-UTME 30, O'level 20. Nínú 20 UNILAG yẹn, A1 kan jẹ́ 4, C6 kan jẹ́ 2, ìyẹn ni pé ọmọ tó ní A1 márùn-ún ti kó 20 sápò, ọmọ tó ní C6 márùn-ún kó 10, 10 tí wọ́n fi jura wọn lọ yẹn, 80 ni tá a bá kà á ní máàkì JAMB. Tó bá jẹ́ pé C ló kún inú WAEC ẹ, tó o sì fẹ́ UNILAG, ohun tó yẹ kó o fi ọdún yìí ṣe ti yàtọ̀ sí tèmi nìyẹn: lọ tún WAEC kọ. Tó o bá sì máa tún un kọ, kọ English, Maths, Physics, Chemistry àti Biology pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí àwọn ilé ìwé kan ò fẹ́ àkópọ̀ ìjókòó méjì fún Medicine. WAEC ti àwọn aládàáni wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó tún wà nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ọdún parí, NECO náà ní ti ìparí ọdún. Bí wọ́n ṣe ń ro máàkì yìí, wọ́n lè yí i padà nígbà tó bá wù wọ́n o, ojú òpó ilé ìwé náà gan-an ni kó o ti wò ó kó o tó náwó.

Ó tún ku ibi tó o mú. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú 100 ni wọ́n ń fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ìwé náà ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ ò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀. Tìpínlẹ̀ sì máa ń ro tọmọ onílé mọ́ ọn. Ọmọ Ògùn tí ò bojú wo OOU rí, ọmọ Èkó tí ò wo LASU, ọmọ Oǹdó tí ò mọ̀ pé UNIMED wà nínú ìlú Oǹdó, UI nìkan ló ń pè lójú àlá. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó fi ọdún mẹ́ta lé ilé ìwé kan ṣoṣo nítorí pé bàbá ẹ̀ lọ síbẹ̀.

Tó o bá ti ṣe ìṣirò tán, kọ gbólóhùn kan ṣoṣo, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Tèmi ni: "Post-UTME ni."

2. Wá ibi tí wọ́n á ti máa retí ẹ laago mẹ́jọ

Èyí ni mo fẹ́ kó o kà lẹ́ẹ̀mejì. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lójúmọ́ tó, aago mẹ́jọ sí aago kan, kó o lè ríbi kàwé ní ọ̀sán àti alẹ́. Kò di dandan kí ibi tó o máa lọ jẹ́ ọsibítù ńlá bíi LUTH tàbí UCH. Kẹ́míìsì, ilé ìwòsàn aládàáni kékeré, láàbù tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ìjọba ìbílẹ̀, gbogbo ẹ̀ dáa. Bí ò bá tiẹ̀ sí ti ìṣègùn, kó o máa kọ́ àwọn ọmọ JSS ní Basic Science ní ilé ìwé ìtòsí dáa ju kó o dùbúlẹ̀ lọ, torí ọmọ ọdún mọ́kànlá á bi ẹ́ ní ìbéèrè tó máa fi hàn ẹ́ pé o ò mọ photosynthesis tó o rò pó o mọ̀.

Bó o ṣe máa bẹ̀ wọ́n: fẹsẹ̀ rìn lọ, má fi WhatsApp ránṣẹ́. Wọ aṣọ tó mọ́, kúnlẹ̀ tàbí kó o dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n tọ́, sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ mà, mò ń retí àtiwọlé kọ́ Medicine, mi ò gba owó, mo lè máa to káàdì, mo lè máa kọ orúkọ, mo lè máa gbálẹ̀, mo kàn fẹ́ máa wà nítòsí iṣẹ́ náà ni." Ibi méjì ti lé mi kí àǹtí tó pè mí. Ẹnì kan ní àwọn ò gba ọmọ kíkọ́ láìsan owó. Ẹnì kejì ò gbórí sókè wò mí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ni mo máa ní kó o gbìyànjú jù, pàápàá lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí ọjọ́ yẹn ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kì í tó nǹkan kan ṣe, matron tó bá rí ẹni tí yóò bá òun wọn ọmọ tí yóò sì pe nọ́ńbà, àdúrà ẹ̀ ti gbà. Láàárín oṣù kan o ti máa mọ káàdì yẹn lórí: BCG (ti ikọ́ ife), ẹ̀kán oògùn rọpárọsẹ̀ àkọ́kọ́ àti hepatitis B lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, Penta (abẹ́rẹ́ kan fún àrùn márùn-ún) ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, ti measles àti yellow fever ní oṣù kẹsàn-án. Ọdún kan ṣoṣo tó o fi gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì yẹn, mo búra fún ẹ, o ò ní há a sórí mọ́ tó o bá dé 500 level.

Ra ìwé kékeré kan. Gbogbo bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ àìsàn wọn ni kó o máa kọ sínú ẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó dàgbà sínú òyìnbó, ibí yìí ló ń dà wọ́n láàmú jù ní wọ́ọ̀dù. Màmá àgbà á ní "òòyì ń kọ́ mi," "ojú mi ń ṣú," "ara ń ro mí," "èébì ń gbé mi," "ó ń rìn mí lórí bí èèrà," ọmọ tó gba A ní Physiology á máa wo nọ́ọ̀sì lójú. Ìwé mi ọdún yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Gìrì wà níbẹ̀, wárápá wà níbẹ̀, ikọ́ ife, ìgbẹ́ ọ̀rìn, ibà pọ́njú, ìtọ̀ súgà, fòníkú-fọ̀ladìde. Jẹ̀díjẹ̀dí gba ojú ewé méjì, torí mo rí i pé ẹni mẹ́rin ló lò ó fún nǹkan mẹ́rin: ọ̀kan ń ṣu ẹ̀jẹ̀, ìdí ń ta ọ̀kan, ẹ̀yìn ń dun ọ̀kan, ẹni kẹrin ọ̀rọ̀ ọkọ-àti-ìyàwó ló ń dọ́gbọ́n sọ. Tẹ́nì kan bá ní òun ní jẹ̀díjẹ̀dí, o ṣì ní ìbéèrè mẹ́rin láti bi í. Kò sí lẹ́sìnnì tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ nìyẹn.

Ohun tó o ò gbọ́dọ̀ ṣe níbẹ̀. Má gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, má fa omi sí ẹnikẹ́ni lára, kódà tí ọ̀gá ibẹ̀ bá ní kó o wá kọ́ ọ. Tí wọ́n bá ń tì ẹ́ sí i, kúrò níbẹ̀, ibẹ̀ ò dáa. Má sọ oògùn fún oníbàárà, pe onílé. Má jẹ́ kí wọ́n gbowó lọ́wọ́ ẹ pé wọ́n á sọ ẹ́ di "ọ̀gísílíárì nọ́ọ̀sì" loṣù mẹ́fà, ìwé tí wọ́n máa fún ẹ ò já mọ́ nǹkan kan níbikíbi. Ohun tó o bá sì rí nínú káàdì ẹlòmíì, ibẹ̀ ni kó ti kú sí, má sọ ọ́ nílé, má fi sí status, kódà láì dárúkọ. Ó ṣeé ṣe kó o rí káàdì ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. O ò rí nǹkan kan.

3. NIN ẹ, kíá kíá

JAMB ń mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí ẹ látinú NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè) ni. Tí ó bá yàtọ̀ sí ti WAEC, yálà orúkọ àárín ló sọ nù àbí wọ́n fi "Oluwa" sí ọ̀kan tí ò sí nínú èkejì, oṣù kẹwàá ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, má dúró di ìgbà tí fọ́ọ̀mù bá jáde, torí ìgbà yẹn gbogbo ayé ló máa wà lórí ìlà. Lọ́dún 2025 fọ́ọ̀mù UTME (ìdánwò JAMB gan-an) jẹ́ ₦7,200, tó o bá fi mock (ìdánwò ìdánrawò) kún un ó di ₦8,700. San ti mock. Owó ọ̀sán ọjọ́ kan tàbí méjì ni, ó sì máa jẹ́ kó o mọ bí ara ẹ ṣe máa gbọ̀n lọ́jọ́ gidi.

4. Ìwé kíkà: ogójì ìṣẹ́jú-àáyá

Ìbéèrè 180 ni UTME, wákàtí 2 ni wọ́n fún ẹ. English 60, Biology, Chemistry, Physics 40-40. Pín in, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé ni nọ́ńbà yìí ń pa, torí wọ́n ń kàwé bí ẹni tó fẹ́ kọ theory WAEC. Èmi ṣe é báyìí: English láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ku 90 fún ìbéèrè 120, ó wá di ìṣẹ́jú-àáyá 45 fún àwọn mẹ́ta yòókù. Biology ni mo máa ń mú lẹ́yìn English, torí èyí tó o bá mọ̀ níbẹ̀ o mọ̀ ọ́n, èyí tó ò bá mọ̀ wíwò ò ní kó o mọ̀ ọ́n, ó máa ń ṣẹ́ àkókò kù fún Physics.

Ṣílábọ́ọ̀sì JAMB wà lórí IBASS, ojú òpó JAMB kan, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ̀ ẹ́ jáde. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kókó kan lẹ́ẹ̀kan: kà á nínú ìwé, kí o sì ṣe gbogbo past question tó wà lórí kókó yẹn nìkan. Má ṣe bíi tèmi àkọ́kọ́ tí mò ń ṣe past question ọdún kan tán kí n tún mú òmíràn, o máa rò pé ò ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lò ń tún mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o wá máa fi aago ṣe é lódindi, lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó sì di ẹ̀ẹ̀mẹta nígbà tó bá ku oṣù kan. Láti 2015 ni JAMB ò ti ṣe ti bébà mọ́. Tó ò bá ní láptọ́ọ̀pù, ilé kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Sátidé. Bọ́tìnnì 8 péré ló wúlò níbẹ̀: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R láti padà tó o bá ṣèèṣì tẹ S. Jẹ́ kí ìka ẹ mọ̀ wọ́n débi pé o ò ní fọwọ́ kan máòsì.

Ohun tó gbà mí là jù ni ìwé àṣìṣe. Gbogbo èyí tí mo bá ṣì, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ìdí tí mo fi ṣì í, ọ̀rọ̀ méjì-mẹ́ta péré. Nígbà tí mo ka ti oṣù kejì, mo rí i pé nínú ìdá mẹ́ta gbogbo ẹ̀, ìdá kan kì í ṣe àìmọ̀ rárá: mo fo "NOT" nínú ìbéèrè, tàbí wọ́n fún mi ní cm³ mo gbàgbé láti sọ ọ́ di dm³ kí n tó fi 22.4 pín in. Máàkì mi wà nílẹ̀ níbẹ̀, mi ò tiẹ̀ nílò kí n kọ́ nǹkan tuntun kí n tó gbé e.

Ní ti lẹ́sìnnì: lọ fún èyí tó lè fún ẹ ní ẹlẹgbẹ́ àti ìdánwò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, má lọ fún gbogbo ẹ̀ márààrún tí wọ́n bá kó ìwé ìpolówó fún ẹ. Ọ̀kan tí mo kọ́kọ́ lọ, lóṣù kejì ni tíṣà níbẹ̀ pe màmá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé tí wọ́n bá wá nǹkan báyìí wá, 300 ti dájú. Màmá mi tí ò ka ìwé kọjá Modern School ní, "Tíṣà, ẹni tó bá ra máàkì, ṣé ẹ máa jẹ́ kó la ikùn yín?" Ọjọ́ yẹn la kúrò níbẹ̀. Pẹ̀lú títẹ̀ka tí JAMB ń ṣe báyìí, ẹni tó fowó sí i àti ẹni tó gbowó, wọ́n ń kó àwọn méjèèjì ni.

Post-UTME: lọ wá bí ilé ìwé tó o fẹ́ ṣe ń bi í, àwọn kan ń fi Maths tàbí ọ̀rọ̀ tó ń lọ láyé kún un. Má dúró dìgbà tí èsì JAMB bá jáde. Ọjọ́ kejì UTME ni mo bẹ̀rẹ̀ ti èkejì, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń sinmi.

5. JUPEB àbí IJMB ńkọ́?

A-level ni méjèèjì, sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, bíi ọdún kan, máàkì tó ga jù 16 póìǹtì, ó sì lè gbé ẹ wọ 200 level nípasẹ̀ Direct Entry. Ó dáa fún ọmọ tí kì í rí JAMB ṣe dáadáa ṣùgbọ́n tó lè jókòó ti ìwé jinlẹ̀. Àmọ́ owó ẹ̀ wọ́n, kì í ṣe gbogbo ilé ìwé ìṣègùn ló ń mú Direct Entry fún Medicine, àwọn tó ń mú u ò mú ju ìwọ̀nba, póìǹtì 15, 16 ni wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí. Kó o tó san kọ́bọ̀, pe ọ́fíìsì admission ilé ìwé tó o fẹ́, bi wọ́n pé: ṣé ẹ ń gba ìwé ẹ̀rí yìí fún MBBS (oyè Medicine) gan-an? Má bi aṣojú tó ń ta fọ́ọ̀mù. Òun ń tajà.

6. Nǹkan tí ọwọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọdún tó yí

Nigerian Red Cross ń kọ́ èèyàn ní first aid, bi ẹ̀ka wọn ní ìpínlẹ̀ ẹ. Wọ́n á kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn ẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀: 30 títẹ̀, èémí 2, kíákíá tó 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí àyà àgbàlagbà wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6. Ó máa ń rẹ èèyàn ju bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fíìmù lọ.

Omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru: omi mímọ́ lítà 1, ṣíbí tíì ṣúgà 6 tí ò ga, iyọ̀ ìlàjì ṣíbí tíì. Má jẹ́ kí iyọ̀ pọ̀, ó léwu. Ti inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ló dáa jù tó bá wà, pẹ̀lú zinc. Gìrì: mo ti rí ilé tí wọ́n ti ń fi ṣíbí la ẹnu ọmọ, tí wọ́n ń bu epo sí i lẹ́nu, tí wọ́n ń ti ẹsẹ̀ ẹ̀ bọ iná. Jẹ́ kí ọmọ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, má ti nǹkan kan bọ ẹnu ẹ̀, wo aago, gbé e lọ sọ́sibítù. Ìwọ tí wọ́n ń pè ní dókítà ládùúgbò, ìwọ ni wọ́n máa sá wá bá ní aago méjì òru, ó yẹ kó o mọ mẹ́ta yìí ó kéré tán.

Kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú. 120 lórí 80 ni wọ́n ń fẹ́, tó bá ti ń jẹ́ 140 lórí 90 sókè lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni náà nílò dókítà. Àǹtí ní kí n máa wo ti gbogbo màmá tó bá wọlé, láàárín oṣù mẹ́ta mo ti wo ti gbogbo ìyálọ́jà ọjà wa, àwọn méjì ni wọn ò mọ̀ rárá pé àwọn ní in.

Iṣẹ́ ọwọ́ fún owó: èyíkéyìí tí ò ní gba gbogbo ọjọ́ ẹ. Ìwé ìṣègùn wọ́n, o máa nílò ẹ̀. Tí owó ilé ìwé bá ń dẹ́rù bà yín nílé, ẹ lọ ka nípa ẹ̀yáwó NELFUND, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024, kò ní èlé, ilé ìwé ìjọba ló wà fún.

7. Bi ara ẹ bóyá o fẹ́ ẹ lóòótọ́

Ọdún mẹ́fà ni MBBS, house job (iṣẹ́ dókítà tuntun lábẹ́ ọ̀gá ní ọsibítù) ọdún kan tẹ̀ lé e, NYSC ọdún kan. Ìyẹn tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ò bá dá sí i: lọ́dún 2022 nìkan, oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi daṣẹ́ sílẹ̀. Wá house officer (dókítà tó wà ní house job) kan tí o mọ̀, ra ońjẹ fún un, kó o kàn jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá mú ẹ dákú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn ò túmọ̀ sí nǹkan kan, ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ báyìí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ní ilé ìwòsàn, láàbù lò ń sáré wọ̀ ní gbogbo ìgbà, tí ohùn aláìsàn sì ń sú ẹ, ọ̀rọ̀ ńlá lo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ yẹn, má bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ibẹ̀ lọ sí Medical Laboratory Science, ó láyọ̀ jù mí lọ, ó sì ń sùn.

Ẹ̀yin màmá àti bàbá wa tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ọmọ Ìyá Ṣadé tó ti wà ní 200 level nígbà tí ọmọ yín bá ń jẹun. Ẹ jọ jókòó kẹ́ ẹ dá gbèdéke: ẹ̀ẹ̀mejì sí i ni, lẹ́yìn ẹ̀ a mú Nursing, Physiology tàbí ohun tí ó bá wù ú. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún kan nílé ò ba nǹkan kan jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìkẹrin ló máa ń ba ojú èèyàn jẹ́.

8. Láti ọjọ́ UTME títí dé Accept

Ibí yìí ni àwọn tó ti ṣe gbogbo ẹ̀ dáadáa ti ń ṣubú. Tó bá jẹ́ "awaiting result" lo fi forúkọ sílẹ̀, gbàrà tí WAEC bá ti jáde, lọ sí ilé kọ̀ǹpútà tí JAMB fọwọ́ sí, kí wọ́n gbé èsì ẹ sórí ẹ̀. Padà sílé, ṣí CAPS fúnra ẹ, wò ó pé ó wà níbẹ̀. Má gba "a ti ṣe é" gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ọmọ kan tá a jọ kọ ọ́ ní 78 ní àpapọ̀, èsì ẹ̀ ò sí lórí CAPS, wọ́n fo orúkọ ẹ̀ kọjá. Ra fọ́ọ̀mù Post-UTME lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá jáde, tẹ slip ẹ jáde méjì, fún màmá ẹ ní ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà máa ṣí CAPS láàárọ̀ àti lálẹ́ nìkan, kì í ṣe gbogbo wákàtí. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà lọ́jọ́ tí tèmi jáde. Àǹtí ní kí n tẹ Accept, pé mo gbà á, kí n tó pariwo, torí íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ò ṣeé fọkàn tán, mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n fojú ara wọn rí i, wọ́n ní kí n wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ó ti ga.